Ẹni Tí Kò Kí Olú-Ọdẹ Ti Mọ Ọ̀nà Igbó Wa: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àwọn Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Àkókó

Sí ẹ̀yin Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ilẹ̀ Àkókó, ní Òkè-Àgbè, Ìkàrẹ́, Ọ̀kà àti Ìsùà.

Mo kí ẹ̀yin bàbá wa Olú-ọdẹ, láti Àfá dé Ùdò, láti Ọ̀gẹ̀ dé Àjè, títí kan Àrìgìdì, Àjọwá, Ògbàgì àti gbogbo ẹsẹ̀ òkè tó kù. Ẹ̀yin lẹ ti ń ṣọ́ igbó yìí kí ìjọba tó kọ́ ọ́fíìsì àkọ́kọ́. Bí ẹnu mi bá ṣì í sọ, ẹ fi ọwọ́ òbí bá mi wí.

Ǹ bá dákẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Ohun tó mú mi kọ̀wé rèé. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn yìí, ọkọ̀ jíìpù méjì wọ àdúgbò wa láti ìlú ńlá kan tó jìnnà. Àwọn tó wà nínú wọn wọ aṣọ aláwọ̀ ewé, ìbọn wọn ń dán. Wọn ò yà sílé Olú-ọdẹ. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀nà. Wọ́n gba ẹ̀yìn oko ẹ̀gẹ́, ó di etí odò kan láàárín òkè méjì, níbi tí ìgalà ti máa ń mumi nígbà tí odò yòókù bá gbẹ. Ọdẹ tí ìdílé rẹ̀ ti ń ṣọ́ ibẹ̀ láti ayé bàbá bàbá rẹ̀ bá wọn níbẹ̀ ní ìdájí. Ó bi wọ́n pé ta ló júwe ibẹ̀ fún wọn. Ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín, ó na fóònù sí i. Odò náà ni ọdẹ wa rí nínú àwòrán, àmì pupa kan sì wà lórí ibi tí òun gan-an dúró sí.

Ẹran mẹ́ta ni wọ́n jù sẹ́yìn ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan lóyún.

A gbé ẹjọ́ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba kan tí mi ò ní dárúkọ. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ tẹ́tí sí wa dáadáa, ó wá bi wá pé òfin wo ni wọ́n rú. Òun fúnra rẹ̀ ṣí ìwé, ó pa á dé. Kò rí ìlànà kankan tó lè nawọ́ sí lórí àlejò tó wọ igbó onígbó láì kí onílé. Nígbà tí a padà délé ni mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín ló yẹ kí ọ̀rọ̀ náà wá.

Bóyá ẹlòmíì nínú yín á máa rò ó pé kí ni fóònù fi kan ìgbẹ́ dídẹ. GPS tí à ń wí yìí, ìjọba Amẹ́ríkà ló ni ín. Sátẹ́láìtì tó lé ní 24 ló ń yí ayé po ní nǹkan bíi 20,200 kìlómítà lókè, tí wọ́n ń fọhùn sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Fóònù kì í dá wọn lóhùn, gbígbọ́ ló ń gbọ́. Bó bá ti gbọ́ ohùn mẹ́rin, ó ti lè ṣírò ibi tó wà. Kí May 2000 tó dé, Amẹ́ríkà mọ̀ọ́mọ̀ ń da ohùn náà rú fún ará ìta, tó fi jẹ́ pé ẹ̀rọ lè ṣì tó ọgọ́rùn-ún mítà. Ààrẹ Clinton ló ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀. Lónìí, fóònù lásán tí ọmọ wa ń gbé kiri, níta gbangba, kì í sábà ṣì ju nǹkan bíi mítà márùn-ún lọ. Kò sì nílò dátà. Ẹni tó bá ti gba máàpù sórí fóònù rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ lè tẹ̀ lé e wọ inú kòtò tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé rárá. Abẹ́ igi tó ṣú dùdù àti ẹsẹ̀ àpáta bíi tàwọn ará Ọ̀kà ló máa ń da ẹ̀rọ náà láàmú díẹ̀, nítorí ohùn sátẹ́láìtì a máa gbá ara àpáta kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wá fi àwòrán ilẹ̀ kún un. Láti 2005 tí Google Earth ti dé, ẹni tó jókòó sínú ilé ní Lẹ́kí lè rí orí òkè wa, kó rí ìlà odò, kó rí ibi oko àti ibi koríko. Ọdẹ tòótọ́ mọ̀ pé ibi tí oko ẹ̀gẹ́ bá ti pàdé koríko gíga lẹ́bàá omi, ọ̀yà ò ní jìnnà. Ogún ọdún ẹsẹ̀ rírìn ló fi mọ̀ ọ́n. Ẹni tí kò lè mọ ìmí ọ̀yà yàtọ̀ sí ìmí ehoro ti lè mọ̀ ọ́n báyìí láti orí àga.

Mo jókòó ti ọmọkùnrin kan ní Òkè-Àgbè, ọmọ ọdẹ ni, ó ṣí fóònù rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti là hàn mí. Ìlà aláwọ̀ ọsàn kan wọ́ láti ẹ̀yìn ilé wọn lọ sínú igbó, ó yí òkè po, ó padà gba ọ̀nà mìíràn wálé. Ìrìn rẹ̀ lóru ni. Àmì pupa dúró fún ibi tó ti rí ìmí ọ̀yà tútù, ti aláwọ̀ ewé jẹ́ ihò òkété, ti dúdú jẹ́ ibi tó dẹ tàkúté sí kí òun fúnra rẹ̀ má baà fi ẹsẹ̀ kọ ọ́. Ó fi ìka méjì fa àwòrán náà tóbi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo igi tí bàbá wa ń gun ègùn lórí rẹ̀.” Lábẹ́ igi náà ló tẹ orúkọ ibẹ̀ sí, orúkọ kan tí mi ò gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni mọ́ láti ìgbà tí àwọn àgbà kan ti lọ. Inú mi dùn púpọ̀. Ọmọ náà ti ṣe ohun tí ìwé ìjọba kankan ò bá wa ṣe.

Ó wá sọ fún mi pé òun ti fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọdẹ kan lórí WhatsApp. Mo bi í pé àwọn wo ló wà níbẹ̀. Ó ní wọ́n pọ̀, òun ò mọ gbogbo wọn, ẹnì kan ní Abúja ló fi òun síbẹ̀.

Ẹ̀yin alága, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mo lòdì sí ẹ̀rọ. Ní aginjù Kàlàhárì, ìhà gúúsù ilẹ̀ Áfíríkà, àwọn ọdẹ San tí wọn ò mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà ti ń lo irú nǹkan yìí tipẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Louis Liebenberg, tó ti bá wọn rìn nínú igbó fún ọdún gbọọrọ, bá wọn ṣe ètò kan tó ń jẹ́ CyberTracker, àwòrán ló kún inú rẹ̀ dípò ọ̀rọ̀. Bí ọdẹ bá rí ipasẹ̀, á tẹ àwòrán ẹran náà, á tẹ àwòrán ohun tí ẹran náà ń ṣe, ẹ̀rọ á sì fi ibi tó dúró sí kún un. Báyìí ni ohun tó wà nínú orí àgbà ọdẹ di àkọsílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń kà. Nílé wa níbí náà, àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó Yankari ní Bauchi ń gbé GPS rìn, kí ọ̀gá wọn lè mọ ibi tí wọ́n dé àti ibi tí wọ́n ti rí ipasẹ̀ erin. Àwọn wọ̀nyẹn ní ìlànà. Wọ́n mọ ẹni tí àkọsílẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Tiwa ló wà lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ̀ ní Abúja.

Ẹ̀dùn ọkàn mi àkọ́kọ́ nìyí. Àṣà wa ò sọ pé kí àlejò má dẹ̀gbẹ́. Àlejò a wá sọ́dọ̀ Olú-ọdẹ, a mú obì dání, wọ́n á bi í ní ilé bàbá rẹ̀, wọ́n á sọ ibi tó lè dé àti ibi tí kò gbọdọ̀ dé fún un, wọ́n á fi ọmọ kan tẹ̀ lé e. Bó bá rí ẹran pa, itan á padà sọ́dọ̀ onílẹ̀. Àwọn àgbà ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran kò ní fún ẹnìkan jẹ. Síbẹ̀, ọdẹ tó mọ̀wà hù ń fún ni. Gbogbo ètò yìí dúró lórí nǹkan kan ṣoṣo: àlejò ò mọ̀nà. Àìmọ̀nà rẹ̀ ni ọgbà tí a ṣe yí igbó wa ká. Nítorí ó gbọ́dọ̀ béèrè, a láǹfààní láti sọ pé rárá. Fóònù ti gba ìbéèrè kúrò lẹ́nu rẹ̀, ó sì ti bá a mú ìyọ̀ǹda wa lọ.

Èkejì kan àwọn ẹran fúnra wọn. Àgbà ọdẹ a máa gbàgbé. Á ṣubú, á ṣàìsàn, á sọ ojú ọ̀nà kan nù fún ọdún méjì, igbó náà á sì sinmi láì jẹ́ pé ẹnikẹ́ni pète rẹ̀. Àmì orí fóònù kì í gbàgbé, kì í sì í ṣàìsàn. Bí ogún ọdẹ bá ní àmì odò kan náà lọ́wọ́, ogún ìbọn ló ń dúró de ẹran ní ibi kan ṣoṣo tó ti lè rí omi mu. Ọ̀yà ṣì lè fara dà á díẹ̀: lẹ́yìn oyún oṣù márùn-ún, ó lè bí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan. Ìgalà ńkọ́? Oṣù mẹ́fà ni oyún rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo sì ni. Akika, tí gbogbo ayé ti fi òfin de òwò rẹ̀ láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn láti January 2017, ọmọ kan náà ló ń bí. Ẹ bi àwọn ìyá tó ń ta ẹran ìgbẹ́ lẹ́bàá títì bóyá wọ́n ń rí ẹfọ̀n tà mọ́. Orí ẹfọ̀n wà lára ògiri ilé àwọn àgbà kan níbí, àwọn ọmọ wọn ò fojú kan ọ̀kan rí láàyè.

Ẹ̀kẹta ló ń já mi láyà jù, mo sì fẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ Àmọ̀tẹ́kùn ìpínlẹ̀ Oǹdó gbọ́ ọ. Igbó tí à ń wí yìí ni ààlà wa pẹ̀lú Kogí, Ẹdó àti Èkìtì. Ọ̀nà tí ọdẹ gbà láti òkè kan bọ́ sí èkejì, òun náà ni ajínigbé ń wá. Nígbà tí a dá Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020, ara ohun tí a fi gbẹ́kẹ̀ lé e ni pé àwọn ọdẹ tó wà nínú rẹ̀ mọ ohun tí ọ̀tá ò mọ̀. Ta ló wá ní kí a kó ohun náà sí ìta? Ní January 2018, gbogbo ayé rí i pé áàpù kan tí àwọn eléré ìdárayá fi ń ṣírò ìrìn wọn, Strava, ti tẹ máàpù ibi tí àwọn tó ń lò ó ń gbà jáde. Àwọn ológun Amẹ́ríkà wà lára wọn, bí ọ̀nà inú bárékè wọn ní Afghanistan àti Síríà ṣe yọ sójú máàpù nìyẹn. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Àwọn fúnra wọn ló ń tẹ bọ́tìnì. Ní Íńdíà, ní 2013, ẹnì kan gbìyànjú láti já wọ inú í-meèlì onímọ̀ kan tó ń gba ìròyìn ibi tí ẹkùn kan wà nínú igbó Panna, ẹkùn tí wọ́n so GPS mọ́ lọ́rùn. Bí ti ológun Amẹ́ríkà bá lè tú síta, báwo ni ti ọmọ tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Òkè-Àgbè yóò ṣe bò? A ò tíì gbàgbé ìpakúpa inú ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, 5 June 2022. Ọ̀wọ̀ ò jìnnà sí wa.

Nítorí náà, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé, gbogbo rẹ̀ ló sì wà ní ìkáwọ́ yín.

Ìkíní, ọjà. Àfikún Kẹrin nínú òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 kò fún yín ní sójà, ṣùgbọ́n ó fi ọjà, ibi ìpẹran àti ibùdókọ̀ sábẹ́ yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn káńsẹ́lọ̀ yín ṣe òfin pé àlejò tó bá gbé ẹran ìgbẹ́ kọjá ibùdókọ̀ tàbí wọ ọjà gbọ́dọ̀ mú ìwé Olú-ọdẹ ibi tó ti pa á dání. Mo sì bẹ̀ yín gidigidi, ẹ má sọ ọ́ di tíkẹ́ẹ̀tì. Bí mo bá gbọ́ pé agbowó-orí kan ń gba owó lọ́wọ́ ọmọ ọdẹ tó pa òkété méjì, èmi ni màá kọ́kọ́ kọ lẹ́tà mìíràn.

Ìkejì, ẹ fún Olú-ọdẹ kọ̀ọ̀kan ní ìwé ńlá kan, ìwé ni mo wí, áàpù kọ́. Kí ọdẹ òru kọ orúkọ rẹ̀, apá ibi tó ń lọ àti ìgbà tó máa padà bọ̀. Ẹ mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: ọdẹ méjì wà ní apá igbó kan náà láì mọ̀, ọ̀kan rí ojú tó ń dán lábẹ́ iná orí rẹ̀, ó yìnbọn, ó sáré débẹ̀, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló bá nílẹ̀. Ìlà mẹ́ta nínú ìwé lè gba ẹ̀mí là. Bí ẹnì kan bá sì pẹ́ jù, fóònù ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó mọ ibi tó lọ yóò mú wa débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìlò GPS tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ìkẹta, máàpù tiwa. Ẹ ṣí máàpù orí fóònù yín, ẹ wo àárín Òkè-Àgbè sí Àjọwá. Ẹ sọ fún mi bí ẹ bá rí orúkọ òkè tàbí odò tí bàbá yín mọ̀. Àwọn tó mọ orúkọ wọ̀nyí ń dàgbà, òmíràn ti ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ wíwọn ilẹ̀ ìjọba àpapọ̀ wà ní Ọ̀yọ́, AFRIGIST tó ń kọ́ni ní ìmọ̀ máàpù wà ní Ilé-Ifẹ̀, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ FUTA wà ní Àkúrẹ́, yunifásítì Adékúnlé Ajáṣin sì wà ní Àkùngbá, lẹ́nu ọ̀nà wa. Kí ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan rán ọmọ ọdẹ mélòó kan lọ kọ́ iṣẹ́ yìí, kí wọ́n padà wá bá àwọn àgbà rìn, kí wọ́n kọ orúkọ sílẹ̀. Máàpù náà kò gbọdọ̀ dé orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ Olú-ọdẹ, ọ̀kan lọ́dọ̀ ọba, ọ̀kan lọ́dọ̀ Àmọ̀tẹ́kùn, ó tán. Orí rẹ̀ ni kí ẹ sì jọ fa ìlà yí ibi tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ti yìnbọn ká: igbó òrìṣà, àti àwọn ojú omi tó ń gbẹ̀yìn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ìkẹrin kò gba owó rárá. NASA ní ojú òpó ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ FIRMS, tó ń fi ibi tí iná ti ń jó lórí ilẹ̀ ayé hàn láàárín wákàtí mélòó kan. Ẹ yan akọ̀wé kan tí yóò máa wò ó láràárọ̀ nígbà ọyẹ́. A ó mọ igbó tí wọ́n ti kùn, a ó sì mọ abúlé tí a máa pè kí kòkó olóko tó jóná.

Ẹ má sọ fún wa pé kò sówó. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dájọ́ ní 11 July 2024 pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tààrà. Bó ṣe ń dé sí, ẹ̀yin lẹ mọ̀. Gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí pátá kò tó owó jíìpù kan.

Mo bọ̀wọ̀ fún yín, ìyẹn ni mo fi fẹ́ sọ èyí lójú yín dípò kí n sọ ọ́ lẹ́yìn yín. Àwọn ọ̀dọ́ ọdẹ kan ti ń sọ pé bí jíìpù yẹn bá padà wá, àwọn ò ní bi í ní ìbéèrè kankan. Wọ́n ní ìbọn, àlejò náà ní ìbọn. Àwọn àgbà ṣì ń bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹnu àgbà ti ń bó. A ò fẹ́ kí ọmọ wa di apànìyàn nítorí ìgalà, kí ẹ sì máa wá kí wa kú ọ̀fọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹ bá tún rò pé kí ẹ kàn fòfin de fóònù nínú igbó ni ọ̀nà àbáyọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbàgbé rẹ̀. Ọmọ wa nìkan lẹ máa rí mú, àlejò á gbé tirẹ̀ sínú àpò kọjá.

Kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, ẹ pe ìpàdé kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí Olú-ọdẹ, Àmọ̀tẹ́kùn, ìyálọ́jà àwọn ẹlẹ́ran ìgbẹ́ àti káńsẹ́lọ̀ jókòó sí yàrá kan náà. Ọjọ́ tó bá wù yín la ó wá, àfi ọjọ́ ọjà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọmọ ọdẹ kan,
Òkè-Àgbè Àkókó.